POS mi já bọ́, ó ń kọ TAMPER: ṣé kí n gbé e fún ẹni tó ní òun lè pa sẹ́ńsọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe POS. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ náà já bọ́ lórí tábìlì, ó fi igun kan gbá sìmẹ́ńtì. Ojú rẹ̀ ò fọ́, ó ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n TAMPER nìkan ló ń kọ, kò gba káàdì mọ́. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì tú u wò, ó ní kò sí ohun kan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ó wá ní òun mọ ẹnìkan l'Ékòó tó lè pa sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kó lè padà máa ṣiṣẹ́, pé ₦15,000 ni. Ṣé kí n gbé e fún un? Àti pé owó mi ni mo fi rà á. Kí ló dé tí ẹ̀rọ mi fi ń ṣe sí mi bí ẹni pé olè ni mí?"

Ẹ má gbé e fún un, ẹ jọ̀ọ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, torí ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Òótọ́ lẹ sọ: ẹ̀rọ náà ń fura sí yín. Ohun tí TAMPER tó ń kọ túmọ̀ sí ni pé ó gbà pé ẹnìkan ti fẹ́ tú òun. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ṣe é jókòó, ó rò ó pé, "Nǹkan yìí máa kúrò lọ́wọ́ mi, ó máa dé ibi tí n kò mọ̀, ẹni tí n kò rí rí ni yóò máa gbé e kiri. Olè lè jí i gbé lóru, kó tú u, kó sì dá a padà sórí tábìlì kí ilẹ̀ tó mọ́." Torí náà, ó ṣe é kó má fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án, títí kan ẹni tó rà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí owó. Owó yín ò sí nínú POS. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní ẹ̀rọ àti ọ̀dọ̀ báǹkì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, POS kú o, kò kú o, iye tó wà níbẹ̀ ò yí padà. Ohun tó kú nínú ẹ̀rọ náà kéré gan-an lójú: nọ́ńbà gígùn mélòó kan ni, tó jẹ́ pé bí a bá kọ wọ́n sórí ìwé, wọn ò ní kún ojú ewé kan.

Àwọn nọ́ńbà yìí ni àwa tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ PIN rẹ̀, POS gbọ́dọ̀ dà á rú lójú ẹsẹ̀, kó tó jẹ́ kó jáde, débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ò ní mọ ohun tó gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ń dà á rú. Ní òdìkejì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ mìíràn ní kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu, òun nìkan ló lè tò ó padà. Bí ẹnìkan bá wá rí kọ́kọ́rọ́ àgbà inú POS yín wò, PIN gbogbo ìyá aláta, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo awakọ̀ tó bá san owó lọ́dọ̀ yín ti di ti onítọ̀hún. Kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀.

Bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ yẹ kí ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ọkùnrin Èkó yẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́. Yàrá tí wọ́n tì pa ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á pín kọ́kọ́rọ́ àgbà sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú apá kan, kò sì gbọdọ̀ rí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á wọlé, á tẹ tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ, á jáde. Ẹnìkejì á wọlé. Inú ẹ̀rọ nìkan ni àwọn apá náà ti ń pàdé, kò sí ẹ̀dá ènìyàn tó mọ odidi rẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: ohun tí báǹkì ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kan ṣoṣo mọ̀ tán, òun ló wà lórí tábìlì yín ní Bódìjà, lábẹ́ agbòòrùn, níbi tí gbogbo ayé ti ń kọjá.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ tiyín. Àṣírí inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ó dà bí ìránṣẹ́ tó gbé àrokò láyé àwọn baba wa: ó gbé owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n so mọ́ okùn láti ìlú kan dé èkejì, kò sì mọ ohun tí wọ́n fi pa. Bó bá tú okùn náà wò lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tó gbà á ló kù sí láti wo kókó rẹ̀ dáadáa kó fura. Irú ààbò yẹn, tó ń fi ẹ̀rí sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i, wà títí dòní. Òun ni òǹtẹ̀ tó máa ń wà lẹ́nu ike omi. Ṣùgbọ́n kò tó fún PIN, torí kí ẹnìkan tó wo òǹtẹ̀, olè ti ná owó. POS ò dúró de ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ ara rẹ̀, bó bá sì fura, á gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bó ṣe ń fura gan-an rèé. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn tú u, ó ṣeé ṣe kó rí àwọn bọ́tìnnì dúdú kéékèèké lórí bọ́ọ̀dù, tí kò rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ̀ wọ́n. Ike òkè àti ike ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so pọ̀, bí ike méjèèjì bá sì fi díẹ̀ ṣí kúrò lára ara wọn, bọ́tìnnì á gbéra, ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, á gbọ́. Lábẹ́ ibi tí oníbàárà ti ń tẹ PIN àti yíká ṣíìpù náà, wọ́n fa wáyà tín-ín-rín lọ, wọ́n fà á bọ̀, bí okùn aláǹtakùn. Iná díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá lu ihò níbẹ̀ á já ọ̀kan. Ẹni tó bá ki irin bọ̀ ọ́ á mú kí méjì kan ara wọn. Nǹkan mìíràn tún wà nínú ṣíìpù tó ń wo ooru àti òtútù, tó ń wo agbára iná bóyá ó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù.

Gbogbo èyí ò sinmi bí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà lálẹ́. Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ bíi kọ́bọ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú aago ọwọ́. Òun ló ń bọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun náà ló ń bọ́ mẹ́mórì tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan irú mẹ́mórì tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń jẹ́ kó rántí. Bí ẹ̀ṣọ́ bá pariwo, ṣíìpù á nu kọ́kọ́rọ́ nù kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú.

Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí. Igun ẹ̀rọ yín gbá sìmẹ́ńtì, ike rẹ̀ fẹ̀, ó tún padà, bọ́tìnnì kan gbéra ní ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ti tó. Ẹ̀rọ náà ò lè fi ojú rí i pé ńṣe ni òun kàn já bọ́ lórí tábìlì. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé ìkarahun òun ṣí. Lójú tirẹ̀, ìṣubú àti ọ̀bẹ olè ò yàtọ̀. Ẹ̀yin náà sì rí ewéko patanmọ́ rí, tí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, tí ewé rẹ̀ á pa dé. Kò béèrè bóyá ewúrẹ́ ni tàbí atẹ́gùn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé patanmọ́ á tún là tó bá yá. POS ò ní là mọ́ fúnra rẹ̀, torí ohun tó yẹ kó fi là ni ó ti nù. Òótọ́ ni ọmọkùnrin ìsọ̀ kejì sọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Bọ́ọ̀dù dára, bátìrì dára. Ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ kì í ṣe ohun tí ojú lè rí.

Ohun kan náà ló ń pa POS tí wọ́n jù sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi iná sí i. Bátìrì ńlá á gbẹ, bátìrì kékeré á máa dá gbé ẹrù, ọjọ́ tí òun náà bá kú, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ajẹ́ntì ni wọ́n ti fi ìyẹn pàdánù ẹ̀rọ, tí wọ́n sì rò pé ayé ló ń ṣe àwọn.

Ẹ lè sọ pé, "Kí ló dé tí kò lè dúró díẹ̀, kó béèrè, kó tó pa nǹkan rẹ́?" Ìtàn ogun ló dáhùn ìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ọkọ̀ ojú omi ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Magdeburg sọlẹ̀ sórí àpáta létí erékùṣù Odensholm, ní etíkun Estonia. Ìwé kóòdù wà nínú ọkọ̀ náà, ìwé tí wọ́n fi ń da gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi wọn rú. Wọ́n ti fi òjé sí èèpo ìwé náà kó lè rì bí wọ́n bá jù ú sómi, àṣẹ sì wà pé kó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n fún ní àṣẹ yẹn. Ìdààmú dé, àwọn ará Rọ́ṣíà dé, wọ́n sì rí ìwé náà gbà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀dà kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ àṣírí Jámánì. Òjé wà, ìfẹ́ wà, àkókò ni kò sí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ni pé ìparẹ́ ò gbọdọ̀ dúró de ìpinnu ẹnikẹ́ni.

Ìparẹ́ fúnra rẹ̀ sì le ju bó ṣe dún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iná bá ti já, mẹ́mórì ti gbàgbé. Sergei Skorobogatov, olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán an wò ní ọdún 2002: bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ṣíìpù náà di yìnyín, ní bí -20 lórí ìwọ̀n Celsius sí ìsàlẹ̀, ó lè máa rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ, ìgbà díẹ̀ yẹn sì lè tó fún olè tó mọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣọ́ fi ń wo òtútù pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rí irú òtútù yẹn n'Ìbàdàn láé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ààbò yìí dé, àti ibi tí kò dé, torí inú mi kì í dùn bí àwọn tó ń tà á bá ń sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣí i. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlànà kan, FIPS 140, tó fi ìpele mẹ́rin wọn irú ẹ̀rọ báyìí. Ní ọdún 1998, ẹ̀rọ IBM kan tí wọ́n ń pè ní 4758 ló kọ́kọ́ dé ìpele kẹrin. Ẹ̀gbọ́n POS yín pátápátá ni. Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé e, wọ́n da ohun kan lé e lórí tó gan bí òkúta, ó ń ṣọ́ ooru, òtútù, iná, títí kan ìtànṣán bíi ti X-ray. Àwọn báǹkì gbé àṣírí wọn tó wúwo jù sínú rẹ̀. N kò mọ ẹni tó tíì sọ fáyé pé òun gba ara àpótí yẹn wọlé.

Ní ọdún 2001, Mike Bond àti Richard Clayton, tí wọ́n wà ní Cambridge náà, gba kọ́kọ́rọ́ jáde nínú rẹ̀ láìfi èékánná kan ara rẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í. Sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ báǹkì, tó ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí náà, ní àwọn ìbéèrè tó gbà láti dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ inú báǹkì tó ní àyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ bá mọ bí wọ́n ṣe ń to ìbéèrè lé ara wọn, ìdáhùn tó bá kó jọ á tó láti fi ṣírò kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀dù kan tí owó rẹ̀ ò ju nǹkan bíi dọ́là 1,000 lọ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò tó kù, ọjọ́ bíi méjì ló gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bond àti Piotr Zieliński tún fi hàn pé irú ẹ̀rọ tí báǹkì fi ń yẹ PIN wò lè tú PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin fún òṣìṣẹ́ tó bá mọ ọ̀nà, lẹ́yìn ìdánwò bíi 15, níbi tó yẹ kó ti gba 5,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹun ọ̀sán, ó lè kó PIN bíi 7,000. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Odi náà dúró gbọn-in; ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ gbà jáde.

Èyí tó sún mọ́ yín jù ni ti ọdún 2008. Saar Drimer, Steven Murdoch àti Ross Anderson, àwọn olùwádìí ní Cambridge kan náà, mú irú POS méjì tí wọ́n ń lò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ingenico i3300 àti Dione Xtreme, méjèèjì ti gba ìwé ẹ̀rí ààbò. Nínú ọ̀kan, wọ́n rí ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún oníṣòwò láti fi káàdì kún un. Ẹ̀ṣọ́ ò sí níbẹ̀. Wọ́n mú wáyà tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n nà án, wọ́n tì í bọ ihò kan nínú bọ́ọ̀dù, ó sì kan ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá ṣíìpù káàdì sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ káàdì ló jẹ́ pé PIN ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá ní ìhòòhò, láìdà á rú. Wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ò pariwo, kò kọ TAMPER, kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fún èkejì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ki bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn ni. Gbogbo wáyà aláǹtakùn tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ tọkàntọkàn, PIN sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ́ ilé yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹnu sí ògiri.

Ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá ìwádìí nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Shell ní kí wọ́n dáwọ́ gbígba PIN dúró ní ilé epo rẹ̀ 600 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn ti ṣe nǹkan sí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ tí owó tó ju mílíọ̀nù kan pọ́ùn sì ti lọ. Àwọn tó pàdánù owó ò mọ nǹkankan. Wọ́n ra epo, wọ́n tẹ PIN, wọ́n lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kò fi ibì kankan fara kan ẹ̀rọ. Ẹ ò ní láti wọ ilé aládùúgbò yín kí ẹ tó mọ̀ pé iyán ni wọ́n ń gún. Ìró odó ti sọ fún yín, ẹ sì mọ̀ bó bá jẹ́ ata. Paul Kocher, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1999 pé bí ṣíìpù ṣe ń fa iná bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ń sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tọ́. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe ṣíìpù ti ń fi ariwo àti ìyípadà bo ìró odó wọn.

Nítorí náà, bí àwọn tó ń yẹ POS wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí bá dé ìdí rẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe "Ṣé ó ṣeé ṣí?" Ohun gbogbo ló ṣeé ṣí. Wọ́n ń béèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò gba olè, ìmọ̀ tó tó báwo, irinṣẹ́ wo, àti pé POS mélòó ni yóò bà jẹ́ kó tó mọ ọ̀nà. Wọ́n á fi máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rò ó pọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wàhálà olè pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Èkó tó fẹ́ gba ₦15,000. Ó ní òun á pa sẹ́ńsọ̀. Ó lè pa á. Ó lè fi wáyà so àwọn bọ́tìnnì dúdú yẹn pa kí wọ́n dà bí èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ti lọ kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà nílẹ̀, pípa ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ọba ti wàjà ò sì ní jí ọba. Bí POS yẹn bá padà dé tó sì ń gba káàdì, ọ̀nà méjì péré ni mo mọ̀ tó lè gbà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan purọ́ fún ilé-iṣẹ́ pé ẹ̀rọ náà dára, kí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sínú ẹ̀rọ tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti kú. Tàbí kó jẹ́ pé sọ́fítíwíà mìíràn ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe pẹ̀lú PIN tí wọ́n ń tẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ lẹ ó máa gbé ka iwájú àwọn oníbàárà yín, ẹni tó tún un ṣe ló sì mọ ohun tó fi sínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí owó oníbàárà kan bá wá lọ, ta ni wọ́n máa wá mú? Ẹ̀yin tí ojú yín wà lọ́jà ni. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín jù nìyí, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ajẹ́ntì. Ẹ ní ẹ̀rọ náà ń wò yín bí olè. Nítorí pé ó ń fura sí yín náà ló fi lè jẹ́rìí yín. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan yín pé ẹ gba PIN ẹnìkan, POS tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pé lè bá yín sọ pé wọn ò tú mi, ẹni tó ní mi gan-an ò lè rí inú mi. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kò lè ṣìnà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti wáyà ìwé tán, kò sì lè dí ojú ẹni tó dúró sẹ́yìn oníbàárà tó ń wo ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ má ní ẹlẹ́rìí rárá. ₦15,000 yẹn ni owó tí ẹ máa fi pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kò sí ẹni tó sọ èyíkéyìí nínú èyí fún yín nígbà tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ fún yín. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn pé kí POS pa àṣírí rẹ̀ rẹ́ bó bá fura. N kò fara mọ́ ọn pé kí ajẹ́ntì tó ń fi èrè kékeré gbé ilé ró dá gbé ìnáwó rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ló gbá a. Àṣírí báǹkì ló ń ṣọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ni àṣírí náà bá yín gbé níbẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń fún yín pé ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ ìṣubú, kò fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, kò sì fẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi iná sí i. Ẹ kọ ọ́ sí wọn. Bí ọ̀pọ̀ ajẹ́ntì bá kọ ọ́, wọ́n á gbọ́.

Ní báyìí, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó fún yín, kó má ṣe jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ pé òun mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ó já bọ́, pé ó ń kọ TAMPER, ẹ sì má fi pamọ́ pé ọmọkùnrin ìsọ̀ kejì ti tú u, torí wọ́n á rí i. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á dá a padà sí yàrá yẹn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fún yín ní òmíràn, kí wọ́n gba owó díẹ̀. Bí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ gba odidi owó ẹ̀rọ tuntun, ẹ bèèrè pé kí wọ́n fi ibi tó wà nínú ìwé àdéhùn hàn yín. Kí ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ẹ fi fóònù yín ya ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, tó ní nọ́ńbà yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á.